Ọ̀nà Oko Tó Lọ sí Ìlọrà

Láti ọjọ́ tí mọ́tò ti pa Ayọ̀délé, ọkọ Folúkẹ́, lójú títì márosẹ̀ tó gba Fìdítì kọjá lọ sí Ọ̀yọ́, Folúkẹ́ kò wọ mọ́tò mọ́. Kò gun ọ̀kadà, kò wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló kù tó fọkàn tán. Ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń ṣe tíṣà, ilé ẹ̀kọ́ kò jìnnà sí ọjà, ọjà kò sì jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà tó ti ń kọrin. Àárín ibẹ̀ ni gbogbo ayé rẹ̀ wá há sí.

Àwọn èèyàn rò pé mọ́tò ló ń bà á lẹ́rù. Mọ́tò nìkan kọ́. Àìmọ̀ gan-an lẹ̀rù rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ayọ̀délé kú, ó jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà, ó fi aṣọ ìnujú nu ẹnu, ó ní òun fẹ́ lọ wo ilẹ̀kùn tí kápẹ́ńtà kan ń kàn fún wọn l'Ọ́yọ̀ọ́. Kò sí àlá burúkú, kò sí àmì kankan. Ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ohun tí Folúkẹ́ kò lè dárí rẹ̀ ji ayé nìyẹn, pé ọjọ́ náà jọ àwọn ọjọ́ yòókù. Láti ìgbà náà, ohunkóhun tí kò bá mọ òpin rẹ̀, kò ní fẹsẹ̀ kàn án. Kí Ọjọ́rú tó dé ló ti mọ ọbẹ̀ tí yóò sè lọ́jọ́ náà. Bí àlejò bá yọ sí i láìsọ tẹ́lẹ̀, àyà rẹ̀ á já kó tó kí i káàbọ̀.

Àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, Olúwafúnmilọ́lá, ń gbé ní Ìlọrà pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Jùwọ́nlọ. Fúnmilọ́lá fojú sọ́nà fọ́mọ títí ojú fi pọ́n ọn. Nígbà tí Ọlọ́run dá a lóhùn, tó bí ọmọbìnrin, tí wọ́n sọ ọ́ ní Ìyìnolúwa, tẹbí-tará ló pé sí Ìlọrà lọ́jọ́ ìkómọ. Folúkẹ́ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe pé kò gbìyànjú. Ó wọṣọ, ó dé gáréèjì, ó di ilẹ̀kùn mọ́tò mú. Agbèrò ní, "Ìyá, ẹ wọlé, ó ku ẹnì kan." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀. Ó yí padà sílé, ó bọ́ aṣọ, ó sì sùn lọ́sàn-án gangan.

Àbúrò rẹ̀ kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ jókòó, ọmọ rákòrò, ọmọ di àga mú dìde, ojú fóònù ni Folúkẹ́ ti ń wò ó. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní kí Fúnmilọ́lá gbé ọmọ wá sí Fìdítì kí òun fojú kàn án.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Fúnmilọ́lá wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, "ẹ má bínú. N kò ní gbé e wá."

"Kí ló dé?"

"Tí mo bá gbé e wá, ẹ ò ní wá sọ́dọ̀ mi mọ́ láéláé. Ibi tẹ́ ẹ jókòó sí yẹn lẹ máa wà títí ẹ ó fi darúgbó. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi nígbà tí màmá wa kú. Ilé mi ni mo fẹ́ kí ọmọ mi ti mọ̀ yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó sórí àga mi, kẹ́ ẹ mu omi nínú ife mi."

Folúkẹ́ pa fóònù. Inú bí i sí àbúrò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Lẹ́yìn náà ni ìbínú náà rọ̀, ó ku òtítọ́ inú rẹ̀ nílẹ̀.

Tíṣà kan wà níléèwé wọn tó ń jẹ́ Sofiyullah. Ìwárẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ológeere ló sì ń gùn wá síbi iṣẹ́. Àwọn tíṣà yòókù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí èèmọ́ koríko kì í wọ́n lára ṣòkòtò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹrẹ̀ kì í wọ́n lára bàtà rẹ̀. Kì í gba ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀ léra. Lónìí yóò ní òun já sí ibì kan tí òkúta tẹ́ lábẹ́ odò bí ẹní. Lọ́la yóò ní òun ṣìnà wọ inú oko kaṣú, wọ́n sì fi èso kún àpò òun kí wọ́n tó fi ọ̀nà han òun. Folúkẹ́ a máa gbọ́ àwọn ìtàn wọ̀nyí bí ẹni ń gbọ́ nípa orílẹ̀-èdè mìíràn.

Lọ́jọ́ kan, ní àkókò ìsinmi, ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Sofi, ṣé ọ̀nà oko kan wà tó lọ sí Ìlọrà, tí kò fara kan títì?"

Sofiyullah ronú. "Ó wà, Anti. Àwọn àgbà ń fẹsẹ̀ rìn ín láyé ọjọ́un. Ṣùgbọ́n ó ti jìnnà jù fún ẹsẹ̀ tiwa yìí."

"Fún kẹ̀kẹ́ ńkọ́?"

Kò rẹ́rìn-ín. Folúkẹ́ kò gbàgbé ìyẹn títí dòní. Ó kàn bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n gùn?"

"N kò gun ọ̀kan rí láyé mi."

"Kò burú. Tí iléèwé bá ti ṣíwọ́, ẹ dúró dè mí ní pápá."

Báyìí ni obìnrin tó ti lé lógójì ọdún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kẹ̀kẹ́. Ó ṣubú títí orúnkún rẹ̀ fi bó. Ó já wọ inú òdòdó ọ̀gá iléèwé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dúró sétí pápá, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kígbe "Tíṣà wa!" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà kan fà á létí pé opó kì í ṣe báyẹn, pé kí ó ro ohun tí ayé yóò wí. Folúkẹ́ ní, "Ẹ ṣeun, mà," ó sì padà sí pápá lọ́jọ́ kejì. Sofiyullah kò jẹ́ kí ó máa wo ilẹ̀. "Ẹ má wo táyà, Anti. Ibi tẹ́ ẹ bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ máa gbé yín lọ." Lọ́jọ́ tí ó yí pápá ká láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó kàn ra kẹ̀kẹ́ àlòkù kan, aláwọ̀ ewé, ó sì gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ níbi tí yóò ti máa rí i.

Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ìjà fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Folúkẹ́ fẹ́ mọ gbogbo rẹ̀: ibi tí ọ̀nà ti yà, ibi tí òkè wà, odò tó wà níbẹ̀, bí odò náà ṣe jìn tó.

"Mo gbà á dé ìdí àràbà ńlá kan," ni Sofiyullah wí. "Láti ibẹ̀ lọ, n kò gbà á rí."

"Kí ló wá wà níwájú?"

"N kò mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, bí ẹni tí ẹnu rẹ̀ tọ́ nǹkan dídùn wò.

"Ìwọ ń rẹ́rìn-ín! Àwọn ajínigbé tí à ń gbọ́ nípa wọn ńkọ́?"

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, n kò ní fi tàn yín. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni kẹ́ ẹ lọ, nígbà tí gbogbo àgbẹ̀ bá wà lóko. Ibi tẹ́ ẹ bá ti rí ebè tuntun, èèyàn wà níbẹ̀. Ibi tí igbó bá ti bo ebè, ẹ ṣẹ́rí padà. Ẹ máa kí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá rí. Ṣùgbọ́n Anti, ẹni tó máa sọ gbogbo ohun tó wà lọ́nà náà fún yín kí ẹ tó gbéra, wọn ò tíì bí i. Lọ́dọọdún ni àgbẹ̀ ń dí ọ̀nà, tí wọ́n ń la òmíràn. Èmi gan-an, tí mo bá ti mọ̀ ọ́n tán, kí ni mo tún ń wá lọ?"

Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé àwọn méjèèjì yóò jọ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àbámẹ́ta náà pé, ibà ti dá Sofiyullah dùbúlẹ̀. Ó pè é láàárọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn, ó ní kí ó jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Folúkẹ́ ní kí ó lo oògùn rẹ̀ dáadáa. Ó ní òun kàn máa gùn ún dé ìdí àràbà, òun á sì padà.

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ náà nìyẹn lóòótọ́.

Ìrì ti gbẹ kó tó jáde, pẹ̀lú àpò tó ti dì sílẹ̀ fún ìrìn àjò Ìlọrà. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà, àgbàdo ti dé orúnkún, ilẹ̀ sì ń rùn bí ilẹ̀ tó mumi yó. Ó gba ẹ̀yìn àwọn ọgbà ọsàn Fìdítì, níbi tí ewé ti dí oòrùn títí ìmọ́lẹ̀ fi ń kán sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ. Ó kọjá àwọn obìnrin tó ń ṣa àgbálùmọ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n kí i pé, "Ẹ kú ìrìn o, tíṣà!" Ó kí wọn padà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nítorí ó gbé ọwọ́ kan sókè. Ó dé ìdí àràbà láìtíì rẹ̀ ẹ́. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti gbòǹgbò rẹ̀ tó ga bí ògiri.

Ó wo ẹ̀yìn. Ó mọ ohun tó wà ní òpin ọ̀nà yẹn: àga rẹ̀, ìkòkò rẹ̀, wákàtí tó ṣẹ́kù nínú Àbámẹ́ta. Ó wo iwájú. Ọ̀nà náà tẹ́ẹ́rẹ́, ó yí gba ẹ̀gbẹ́ òkúta kan, ó sì pòórá. Ọkùnrin àgbẹ̀ kan gba ibẹ̀ yọ, ó gbé ọkọ́ léjìká. Folúkẹ́ bi í bóyá ọ̀nà yìí dé Ìlọrà.

"Ó dé ibẹ̀," ni ọkùnrin náà wí láìdúró. "Ẹ ṣáà máa bèèrè."

Folúkẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ebè iṣu tuntun ló wà níbẹ̀, wọ́n tò lọ bí ilà, ewé gbígbẹ wà lórí wọn. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun kàn fẹ́ wo ẹ̀yìn òkúta yẹn ni.

Ẹ̀yìn òkúta, ọ̀nà pín sí méjì. Ó gba ti òsì, ó gun ún lọ títí ó fi wọ inú oko ẹ̀gẹ́, ibẹ̀ lọ̀nà sì parí sí, láìsí ẹni tó máa bi. Ó ti kẹ̀kẹ́ padà, òógùn bò ó, ó gba ti ọ̀tún. Èyí gun òkè díẹ̀díẹ̀ títí àyà rẹ̀ fi ń lù kìkì. Nígbà tó dé orí rẹ̀, ó dúró. Gbogbo ilẹ̀ náà ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀, oko lórí oko, ọ̀pẹ níhìn-ín lọ́hùn-ún, òrùlé páànù ìlú kan tí kò mọ orúkọ rẹ̀ ń dán lọ́ọ̀ọ́kán. Ó ti ń gbé Fìdítì fún ogún ọdún ó lé, kò mọ̀ pé èyí wà níbẹ̀.

Ọ̀nà wá dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Ó di bíréèkì mú lákọ̀ọ́kọ́, ó ń rọra sọ̀. Lẹ́yìn náà, kò mọ ohun tó ṣe é, ó tú ọwọ́. Kẹ̀kẹ́ fò lọ. Atẹ́gùn gba gèlè lórí rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, koríko ń gbá a lẹ́sẹ̀. Ohùn kan jáde láti inú rẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé igbe ni. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ìsàlẹ̀. Kò rántí ìgbà tó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ìsàlẹ̀ náà ni odò wà. Igi tí wọ́n tẹ́ fi ṣe afárá ti bá àgbàrá lọ. Folúkẹ́ ká aṣọ dé itan, ó gbé kẹ̀kẹ́ sí èjìká, ó wọ inú omi. Kò jìn púpọ̀, ṣùgbọ́n òkúta ń yọ̀. Ó ku díẹ̀ kó gòkè ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, ó sì jókòó sínú odò pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ lórí. Nígbà tó jáde, fóònù rẹ̀ ti mumi, ó ti kú. Ó fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ, ṣéènì ti jábọ́.

Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wá sú u. Ó jókòó sórí ilẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí ṣéènì. Ó sunkún fún ilẹ̀kùn tí Ayọ̀délé kò gbé dé, fún ìkómọ tí kò lọ, fún ọdún tó fi jókòó sójú kan bí ẹni tí ń ṣọ́ ilé tí olè ti kó tán. "Ayọ̀délé," ó ní, "wo ibi tí mo wà. N kò tilẹ̀ mọ ibi tí mo wà." Ẹyẹ kan tí abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀ pupa fò kọjá lórí odò, ó bà sórí igi, ó ń wò ó.

Nígbà tí ẹkún dá, ohun tó wá yà á lẹ́nu ni pé ebi ń pa òun. Ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ nínú àpò, ó jẹ ẹ́. Bó ṣe ń jẹun ló ń rò ó. Ní gbogbo ayé yìí, kò sí ẹnì kan tó mọ ibi tí òun wà báyìí, òun alára kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí òun ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí wá nìyẹn. Òun wá wà nínú rẹ̀ báyìí, òun ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó nu ọwọ́, ó dojú kọ ṣéènì. Ó ti rí Sofiyullah nígbà tó ń fi tirẹ̀ sí i. Ó gbìyànjú, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó tún gbìyànjú, ó gé e níka. Nígbà tó ṣe, ó fọwọ́ kan gbé ṣéènì lé eyín irin táyà ẹ̀yìn, ó fọwọ́ kejì yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ṣéènì sì wọlé pẹ̀lú ìró kékeré kan tó dùn mọ́ ọn ju orin lọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ọrùn ọwọ́.

Kò tíì lọ jìnnà tí òjò fi ṣú. Ó rí èéfín níwájú, ó kọrí síbẹ̀. Ahéré kan ni, obìnrin kan tó ti tó ọgọ́ta ọdún sì dúró lẹ́nu rẹ̀, ó ń juwọ́ sí i.

"Bísímílà, wọlé, wọlé! Ẹni eji rí leji ń pa!"

Bó ṣe wọlé ni òjò dé, ó ń lu páànù gbàgbàgbà. Obìnrin náà ní Mùbárákà lorúkọ òun. Ó fa àpótí fún un, ó yọ iṣu kan nínú iná, ó fi ọ̀bẹ họ èédú ara rẹ̀, ó da epo sí abọ́.

"Níbo lo ti ń bọ̀?"

"Fìdítì, mà."

"Ibo lò ń lọ?"

"Ìlọrà ni, mà."

Mùbárákà wò ó, ó wo kẹ̀kẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó mú. "Ìlọrà kẹ̀! Ọ̀nà Ìmínì lo wà yìí, ọmọ mi. Ìlọrà ti dúró síbì kan tí ó ń wò ẹ́ bó o ṣe ń lọ!"

Folúkẹ́ náà bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Mùbárákà bi í pé kí ló dé tí kò wọ mọ́tò, nígbà tí mọ́tò kún títì. Folúkẹ́ sọ fún un. Òun alára kò mọ̀ pé òun máa sọ ọ́. Ó sọ ti àárọ̀ ọjọ́ náà, ti ẹ̀kọ àti àkàrà, ti agbèrò ní gáréèjì. Mùbárákà kò ní kí ó ṣe sùúrù, kò sì sọ fún un pé bó ṣe wu Ọlọ́run ló ń ṣe ọlá rẹ̀. Ó kàn gé iṣu mìíràn, ó tì í sí i lọ́wọ́, ó sì jókòó tì í títí òjò fi dá.

Nígbà tí wọ́n jáde, ìyá náà fọwọ́ kan ìjókòó kẹ̀kẹ́. "Bàbá mi ní ọ̀kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí wá sí oko yìí gan-an. Wọn ò jẹ́ kí n gùn ún rí. Wọ́n ní obìnrin kì í gùn ún."

"Ṣé ẹ máa gùn ún, mà?"

"Èmi? Pẹ̀lú orúnkún tèmi yìí?" Ṣùgbọ́n ó ti ń fa ìró rẹ̀ sókè bó ṣe ń sọ ọ́.

Folúkẹ́ di ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ mú. Mùbárákà gorí rẹ̀, ó ń pariwo kó tó kúrò lójú kan. "Má fi mí sílẹ̀ o! Mo ní má fi mí sílẹ̀!"

"Ẹ má wo ilẹ̀, mà! Ẹ wo iwájú!"

Folúkẹ́ sáré tẹ̀ lé e, ó sì ṣí ọwọ́. Mùbárákà dá gùn ún kọjá ebè mélòó kan, ọrùn rẹ̀ le gan-an, aṣọ rẹ̀ ń fẹ́, kó tó rọra yà wọ inú àgbàdo, tó sì pòórá. Folúkẹ́ sáré débẹ̀. Ìyá náà ń bẹ nílẹ̀ gbalaja, ewé àgbàdo wà lórí rẹ̀, ó ń wo ojú ọ̀run.

"Alihamudulilahi," ó ní. "Fà mí dìde. Màá tún un gùn."

Ó tún un gùn lóòótọ́, ó sì tún ṣubú. Kí Folúkẹ́ tó lọ, ó fi ọ̀nà hàn án. "O ó rí ọ̀nà méjì níwájú. Èyí tí wọ́n gbá mọ́ tónítóní, má gbà á o; ilé bàbá àgbà kan ló lọ, wọn ò sì ní jẹ́ kó o lọ títí wọn ó fi sọ ìtàn ìgbà èwe wọn tán. Èyí tó rí jákujàku ni kó o gbà. Yóò já sí títì márosẹ̀. Sọdá. Ọ̀nà oko tún wà lódìkejì, òun ló wọ Ìlọrà."

Ọwọ́ Folúkẹ́ le mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. "Títì kẹ̀? Kò sí òmíràn, mà?"

"Omi ti bo ti òkè. Bí kì í bá ṣe èyí, àfi kó o padà sí Fìdítì."

Ó gba èyí tó rí jákujàku. Ó ń gbọ́ títì kó tó rí i, híhó rẹ̀ bí omi tó ń ru. Nígbà tó já síbẹ̀, ó dúró nínú koríko ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tírélà kọjá, ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kọjá, ó ń ké fèrè. Ó rí ọ̀nà oko lódìkejì, pupa, tó ń dúró jẹ́ẹ́. Kì í ṣe ibi tí Ayọ̀délé kú nìyí. Ibẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n títì kan náà ni. Òórùn epo àti ọ̀dà gbígbóná kan náà ni.

Lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹsẹ̀, ó dá a padà. Ó tún gbé e. Ó ń dúró de ìgbà tí yóò dá a lójú pé kò séwu kankan, kò sì dá a lójú. Bó bá wo apá ọ̀tún tán, apá òsì yóò ti yí padà. Ó wá yé e, bí ẹni tí wọ́n rọra sọ ọ̀rọ̀ sí létí, pé ìdánilójú tí òun ń dúró dè kò ní wá, lónìí tàbí lọ́la. Ohun tó wà nílẹ̀ ni kí òun la ojú òun méjèèjì, kí òun sì lọ nígbà tí àyè bá yọ. Àyè yọ. Ó ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sórí ọ̀dà, ó rìn, kò sáré, ó dé àárín níbi tí wọ́n ti pín títì sí méjì, ó dúró, ó wò, ó tún rìn. Táyà rẹ̀ kan erùpẹ̀ lódìkejì. Ó fi orí lé ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó mí kanlẹ̀, ó sì gùn ún lọ.

Oòrùn ti ń rọ̀ nígbà tó bèèrè ilé Jùwọ́nlọ ní Ìlọrà. Fúnmilọ́lá ń sá aṣọ ọmọ sórí okùn. Ó yíjú, ó rí obìnrin kan tí ẹrẹ̀ bò dé àyà, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú, tí kò dé gèlè, tó di kẹ̀kẹ́ mú. Ó figbe ta.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló lù yín? Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Èmi ni mo wá."

"Pẹ̀lú kí ni?"

Folúkẹ́ fọwọ́ lu kẹ̀kẹ́.

Fúnmilọ́lá wò ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Ó ní orí rẹ̀ dàrú ni? Ó ní láti ọ̀sán ni òun ti ń pè é tí kò lọ. Ó ní inú igbó, ní ayé tí a wà yìí, obìnrin kan ṣoṣo! Ó ń wí, ó ń sunkún, ó sì ti dì mọ́ ọn, ẹrẹ̀ ti bo àwọn méjèèjì. Folúkẹ́ kò jà á níyàn. Ó mọ̀ pé òdodo wà nínú ohun tó ń sọ. Ó kàn ní, "Fún mi lómi mu."

Ìyìnolúwa sunkún nígbà tó rí i, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Kaba tí Folúkẹ́ gbé wá, èyí tó ti rà de ọjọ́ ìkómọ, kò kọjá orí ọmọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n ó dun Folúkẹ́, ó ká a, ó fi í sórí ẹsẹ̀. Ó pẹ́ kí ọmọ náà tó rákòrò wá, kó fọwọ́ kan òróró dúdú tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó sì fi pa ojú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Jùwọ́nlọ ní òun yóò gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò òun, kí òun sì gbé Folúkẹ́ délé. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn mọ́tò náà, ó wò ó pẹ́, ó ní kò tíì yá òun. Kò sí ẹni tó fi ipá mú un. Àwọn aládùúgbò kóra jọ láti júwe ọ̀nà fún un, wọ́n sì ta ko ara wọn títí ó fi dá wọn dúró. Ó yan ọ̀kan nínú ọ̀nà tí wọ́n júwe, ó gbéra.

Láti ìgbà náà ló ti ń lọ. Oṣù mìíràn, yóò dé Ìlọrà kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Oṣù mìíràn, odò yóò ti kún, yóò ṣẹ́rí padà, nítorí kì í ṣe ẹni tó fẹ́ kú. Nígbà mìíràn Sofiyullah a bá a dé ìdí òkè, àwọn méjèèjì a jùmọ̀ ṣìnà. Ní ìgbà ọyẹ́ tó kọjá, ó wọ mọ́tò fún ìgbà àkọ́kọ́, láti Ìlọrà dé Akínmọ̀ọ́rìn péré, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó sì pa ojú dé. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òógùn. Kò tíì wọ òmíràn láti ìgbà náà, kò sì sọ pé òun kò ní wọ̀ ọ́.

Fúnmilọ́lá ti kọ́ bí a ṣe ń gbé ìkòkò lé iná láìdúró sẹ́nu ọ̀nà máa retí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, oúnjẹ ti jinná, ó ti tutù, fóònù wá dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Ó gbọ́ ohùn àwọn èèyàn púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ewúrẹ́ ń ké, ẹnì kan ń fi ọmọ odó gún nǹkan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí nǹkan? Níbo lẹ wà?"

"Kò sí nǹkan kan," ni Folúkẹ́ wí, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀. "Wọ́n ti fún mi ní ìjókòó. Dúró ná, jẹ́ kí n bi wọ́n pé ibo nìyí."